Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilé bàbá wa: kí ni ó yẹ kí á ṣe?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin amòfin, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi ọ̀dà pupa kọ àmì X gàdàgbà, àmì pé wọn yóò wó o, sára ilé tí bàbá wa kọ́ ní 1984, ọ̀dà náà sì ń kán sórí àga tí màmá wa máa ń jókòó sí. Wọ́n ní ọ̀nà yóò gba ibẹ̀, pé ọjọ́ méje péré ni a ní. Wọn kò fún wa ní ìwé kankan.

Mo ti ka Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978. Abala 28 gba gómìnà láàyè láti gba ilẹ̀ padà nítorí ànfààní ará ìlú, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé tó olúwarẹ̀ létí. Abala 44 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 tilẹ̀ ní kí wọ́n san owó gbà-máà-bínú kíákíá, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì lè lọ sílé ẹjọ́ lórí iye rẹ̀. Ibi tí ó ti rú mi lójú ni abala 47 Òfin Ìlò Ilẹ̀, tí ó ní ilé ẹjọ́ kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó náà tó. Èwo ni a ó tẹ̀ lé?

Ìwé tí bàbá fi ra ilẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n a kò ní C of O, ìwé ẹ̀rí tí ìjọba máa ń fún ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ǹjẹ́ ilé ẹjọ́ gíga lè dá wọn dúró kí ọjọ́ méje tó pé, irú ìwé wo ni kí á sì kó dání?