Ẹ gbà mí o: íntáfíù SIWES kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹnu mi ò sì là

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Part 4 ni mo wà ní OAU, n'Ílé-Ifẹ̀ níbí, ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Ilé iṣẹ́ kan l'Ékòó fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí Zoom lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, fún SIWES olóṣù mẹ́fà, ìyẹn ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́. Mo ti há gbogbo ìdáhùn sórí, àmọ́ tí ọ̀rẹ́ mi bá ti ní "Tell us about yourself" báyìí, gbogbo rẹ̀ á pòórá. Mi ò sì lè máa wo àgbà lójú kí n máa sọ̀rọ̀. Báwo ni kí n ṣe múra?

Ẹ̀gbọ́n Lágere: Àbúrò, gbé ìdáhùn àkọ́sórí yẹn tì. Mo máa ń wà níbi tí a ti ń gba ọmọ SIWES. Ìbéèrè kejì ló máa ń tú ẹni tó há a sórí fó. Kí lo ti fọwọ́ ara rẹ ṣe rí?

Oníbèéèrè: Mo ṣe ètò kan sórí fóònù tí màmá mi fi ń kọ orúkọ àwọn tó rajà láwìn l'Ódò-Ògbè.

Ẹ̀gbọ́n Lágere: O ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́! Òun gan-an ni kí o sọ. Kí ló ń yọ màmá lẹ́nu tẹ́lẹ̀? Kí lo ṣe sí i? Ibo ló ti dà rú, báwo lo ṣe tún un ṣe? Kí ọ̀rẹ́ rẹ máa já lu ọ̀rọ̀ rẹ: bí fóònù bá sọnù ńkọ́? Èyí tí o ò bá mọ̀, sọ pé o ò mọ̀, kí o sọ bí o ṣe máa wádìí ẹ̀. Torí kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́ṣẹ́ ni ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, ṣe dá SIWES sílẹ̀ ní 1973. Kò sẹ́ni tó ń retí pé kí o ti di ọ̀gá.

Ìyá Ìbejì, Modákẹ́kẹ́: Ọmọ mi, ẹ̀kọ́ ilé rẹ ò burú. Kí wọn dáadáa, kí o wá tẹjú mọ́ kámẹ́rà. Kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ àwìn yẹn fún màmá rẹ ní Yorùbá. Tó bá yé wọn, wá sọ ọ́ lédè òyìnbó.

Ọmọ Fajuyi: Má lọ fi láíbìrì Hezekiah Oluwasanmi dánra wò o, wọn ò ní jẹ́ kí o sọ̀rọ̀ sókè. Gba ohùn rẹ sórí fóònù, kí o gbọ́ ọ. Ra dátà sórí síìmù méjì.

Oníbèéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti sọ ọ́ fún màmá mi. Wọ́n ní mo gbàgbé àwọn tó ń san díẹ̀díẹ̀! Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bi mí léèrè lálẹ́ ọ̀la?

Ẹ̀gbọ́n Lágere: Aago mẹ́jọ. Tan kámẹ́rà rẹ.