Ta ló ti bá wọn de okùn lórí ọkọ̀ ìgbòkun rí?

Ìyá Ìbejì: Mo ti bá wọn ṣe é o. Ọkọ̀ olópòó mẹ́ta ni, láti Southampton la ti gbéra. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé wọn kì í ta okùn ní kókó. Pákó gbọọrọ kan wà létí ọkọ̀ tí wọ́n dá ihò sí, wọ́n wá ki àwọn ọ̀pá kéékèèké bọ ihò náà. Belaying pin ni wọ́n ń pè é. Okùn tó ti òkè wá, wàá kọ́kọ́ gbé e gba abẹ́ pínnì, wàá wá máa wé e sókè sódò, kó máa dábùú ara rẹ̀ bíi nọ́ńbà 8. Bó o bá ti wé e bíi ìgbà mẹ́ta, ó tó. Bó ṣe fún mọ́ igi yẹn ló ń dì í mú, afẹ́fẹ́ ò sì ní fà á tú.

Ọ̀dọ́kùnrin kan fi kókó parí tiẹ̀. Ọ̀gá tó ń bójú tó okùn, obìnrin kúkúrú kan tóhùn ẹ̀ ju ti ọkùnrin lọ, tú u níṣojú gbogbo wa. Ó ní bí ìjì bá dé lójijì, ìgbòkun gbọ́dọ̀ wálẹ̀ kíá, kókó tó bá ti rin gbindin fún omi kì í sì í gbọ́ràn. Òótọ́ ló sọ. Lóru wọn ò ní tan iná káàkiri, kí òkùnkùn lè mọ́ ojú lára. Ọwọ́ la fi ń mọ pínnì tá a ń wá, torí okùn kọ̀ọ̀kan ní àyè tiẹ̀, kì í ṣí kúrò.

Ẹni tó bá wà ní London lè lọ wo irú ẹ̀ nínú Cutty Sark, ọkọ̀ ìgbòkun àtijọ́ tó wà ní Greenwich. 1869 ni wọ́n sọ ọkọ̀ yẹn sómi ní Dumbarton. Owó ìwọlé ẹ̀ wọ́n díẹ̀ ṣá.

Bàbá Àpápá: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu ìrìn. Èmi ò wọ onígbòkun rí, etíkun la ti ń gba okùn ọkọ̀ ńlá kọ́ òpó irin. Ojú ńlá, ìyẹn ihò róbótó tí wọ́n fi okùn náà ká ṣe, ló wà lẹ́nu okùn yẹn. Bí ọkọ̀ méjì bá jọ máa lo òpó kan, ẹni tó dé kẹ́yìn á ti ojú okùn tiẹ̀ láti ìsàlẹ̀ gba inú ti ẹni àkọ́kọ́ kó tó fi kọ́ òpó. Èyí tó bá ti wù kó kọ́kọ́ lọ, á yọ tiẹ̀ láìdí ẹnì kejì lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tuntun kì í fẹ́ ṣe é, wọ́n á kàn jù ú lé e lórí, ìjà á dé lọ́jọ́ tí ti ìsàlẹ̀ bá fẹ́ lọ.