Bó-bá-dé, ká-ní, àsọtẹ́lẹ̀: èwo ni ká lò fún iṣẹ́ káńsù yunifásítì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà l'Óǹdó ló béèrè pé kí ni ká máa pè é l'édè wa, scenario planning, iṣẹ́ tí káńsù yunifásítì, ìyẹn ìgbìmọ̀ àgbà tó ń darí ilé ìwé, máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá jókòó tí wọ́n ń rò ó pé tí ìjọba bá yí padà, tàbí tí ìjọba tó wà lórí àlééfà bá ṣàdédé yí ètò ẹ̀ padà, báwo ni ilé ìwé ò ṣe ní dojú dé. Ilé iṣẹ́ Shell wà lára àwọn tó sọ irú ìrònú yìí di olókìkí, wọ́n ti ń ro oríṣiríṣi ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ epo lè gbà kí owó epo tó fò sókè lọ́dún 1973. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ ti mú wá, àsọtẹ́lẹ̀, ètò ká-ní, àti ìmúrasílẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀.

Ẹni tó bá sọ tẹ́lẹ̀ ti mú ẹyọ ohun kan ṣoṣo, ó ní òun ló máa ṣẹlẹ̀, tí kò bá sì ṣẹ, ó ti parọ́ nìyẹn. Káńsù ò ṣe iṣẹ́ wòlíì. Nígbà tí ìjọba Gómìnà Ajasin dá yunifásítì sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní 1982 fún gbogbo ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́, ta ni ì bá sọ tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996 ni wọ́n máa gé Èkìtì kúrò lára Oǹdó, tí yunifásítì á sì bá Èkìtì lọ, tòun ti ilé tòun ti ilẹ̀? Kò sẹ́ni tó lè mọ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn ará Èkìtì ti ń béèrè ìpínlẹ̀ tiwọn, ọ̀rọ̀ náà ò fara sin fún ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá jókòó tó béèrè pé tí wọ́n bá fún wọn ńkọ́, kí ló máa jẹ́ tiwa, kí ló máa jẹ́ tiwọn, owó oṣù àwọn olùkọ́ ńkọ́, ìwé ẹ̀rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́, ìyẹn ti ṣe iṣẹ́ tí à ń wá orúkọ fún gan-an láì mọ ọjọ́ kankan. 1999 ni ìjọba Gómìnà Adefarati tó gbé yunifásítì ti Oǹdó dé Àkùngbá, òun ló di Adekunle Ajasin tí a mọ̀ lónìí.

Ètò ká-ní wá ńkọ́? Ó dùn létí, ó kúrú, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti ń lò ó. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo bí èdè wa ṣe ń lò ó. "Ká ní wọ́n so FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́ níbí, mọ́ yunifásítì míì ní 1984 ni, bí wọ́n ṣe so ti Abẹ́òkúta mọ́ Unilag, tí wọ́n so ti Makurdi mọ́ Jos, ti Bauchi mọ́ ABU Zaria, ti Yola mọ́ Maiduguri, FUTA ì bá má rí bó ṣe rí lónìí." Ká ní bá ibẹ̀ mu wẹ́kú, torí pé ọ̀rọ̀ ti kọjá, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Tí mo bá wá sọ pé "bí ìjọba bá tún so àwọn yunifásítì pọ̀," ìyẹn ṣì lè ṣẹlẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. "Ká ní" ń wẹ̀yìn, "bó bá" ń wo iwájú. Àbámọ̀ ló ń tẹ̀ lé ká ní, káńsù tó bá ń ṣe ètò ká-ní á jọ pé wọ́n ń kẹ́dùn ohun tó ti bọ́ ni. Ìdí tí mo fi ní ká mú "bó-bá-dé" nìyẹn. Ètò bó-bá-dé. Tó bá jẹ́ ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n rò, bó-bá-dé kìíní, ìkejì, ìkẹta. Ẹni tó sá kòkó ní Ìdànrè kì í búra pé òjò máa rọ̀ láago mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọ̀rá tó máa fi bo kòkó wà nítòsí ẹ̀.

Ìmúrasílẹ̀ dáa, mi ò bá a jà, ó kàn fẹ̀ jù ni, ìdánwò ní ìmúrasílẹ̀, ìgbéyàwó ní ìmúrasílẹ̀. Ẹ lè so wọ́n pọ̀, ìmúrasílẹ̀ bó-bá-dé, ìyẹn náà ò burú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ká mi lára jù ni ohun tí ẹnì kan kọ lánàá pé ká sáà máa pe gbogbo ohun tó bá ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá ní "òfin," kó má di wàhálà. Ẹ jọ̀ọ́, ká má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti bá káńsù ilé ìwé gíga kan kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé rí, mo sì rí ohun tí àṣìpè yẹn ń fà. Sákúlà kan wọlé, ojú ewé kan péré, ẹnì kan ní òfin tuntun ti dé, gbogbo ilé pa lọ́lọ́, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó béèrè pé òfin wo, ta ló ṣe é, ọdún wo.

Mẹ́ta ni wọ́n, orúkọ wọn sì ti wà nílẹ̀ tipẹ́: òfin (èyí tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe), ìlànà (policy), àṣẹ (directive). Òfin tí wọ́n ṣe ní 2003 lórí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ sọ pé ọdún mẹ́rin ni káńsù máa lò, ó ní àfi tí wọ́n bá rí i pé káńsù ò kájú ẹ̀ tó sì hùwà ìbàjẹ́ kí wọ́n tó tú u ká, kí wọ́n sì yan òmíràn lójú ẹsẹ̀. Oṣù kẹfà 2023, àṣẹ jáde láti Àbújá pé kí gbogbo ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ túká, wọ́n kó káńsù yunifásítì mọ́ ọn, ó sì di oṣù karùn-ún 2024 kí orúkọ àwọn tuntun tó jáde. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, pariwo títí. Káńsù ló sì ń yan ọ̀gá àgbà yunifásítì, ibi tí sáà ọ̀gá àgbà bá parí sí láàárín ìgbà yẹn ńkọ́? Tí a bá pe méjèèjì ní òfin, báwo la ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún Yorùbá tó ń kà á pé àṣẹ ló forí gbárí pẹ̀lú òfin?

Ìlànà tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ èdè mọ èyí ju mi lọ, ó dùn wá gbogbo. Oṣù kọkànlá 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Oṣù kọkànlá 2025, mínísítà dìde ó ní ó tán, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Ẹ̀ka Yorùbá tó bá ti ń gbẹ́kẹ̀ lé ìlànà yẹn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á pọ̀ sí i, tí kò ní bó-bá-dé kankan fún ọjọ́ tí wọ́n bá fa á ya, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe báyìí?

Òfin kì í yára tó báyẹn, ẹ máa ń rí i lókèèrè. Ẹ wo owó orí tí wọ́n fi ń bọ́ TETFund tẹ́lẹ̀, àpò owó ìjọba tó ń ran àwọn ilé ìwé gíga lọ́wọ́, 2% èrè ilé iṣẹ́ ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, ó di 3% ní 2023. Nígbà tí òfin owó orí tuntun ṣì jẹ́ àbá, ohun tó wà nínú ẹ̀ ni pé tó bá di 2030 TETFund ò ní rí kọ́bọ̀ níbẹ̀ mọ́. Àwọn ilé ìwé sọ̀rọ̀, ASUU sọ̀rọ̀, nígbà tí wọ́n fi máa buwọ́ lù ú ní 2025 ìdajì owó orí tuntun náà ti padà sọ́dọ̀ TETFund. Àyè ṣì wà láti sọ̀rọ̀ kí àbá tó di òfin. Ìlànà ń fẹ́ kéèyàn mọ ẹni tó gbé e kalẹ̀ àti ìgbà tó máa kúrò. Àṣẹ ní tiẹ̀ lè bá ọ lórí oorun, àfi kí owó oṣù díẹ̀ wà nílẹ̀, kó sì ti wà lákọsílẹ̀ ẹni tó máa buwọ́ lu ìwé tí káńsù ò bá sí.

Ní Àkúrẹ́ níbí, kàlẹ́ńdà méjì là ń wò. FUTA ń wo 29 oṣù karùn-ún tí ààrẹ máa ń gbọ̀pá àṣẹ, torí Àbújá ló ni ín. Àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀, ìyẹn Àkùngbá, Òkìtìpupa àti UNIMED Oǹdó (ti ìmọ̀ ìṣègùn), ń wo 24 oṣù kejì tí gómìnà wa máa ń gbọ̀pá àṣẹ. Nígbà míì kàlẹ́ńdà ò tiẹ̀ ràn wá lọ́wọ́, ọjọ́ tí Gómìnà Akeredolu kú, 27 oṣù kejìlá 2023, ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n búra fún Aiyedatiwa, igbákejì ẹ̀, ẹni tó wà lórí gbogbo yunifásítì ìpínlẹ̀ yí padà láàárọ̀ sírọ̀lẹ́ láìsí ìbò.

Ẹni náà sì wá ni ìbéèrè kékeré tó kù. Orúkọ tí òfin pe ààrẹ tàbí gómìnà nínú yunifásítì l'édè Gẹ̀ẹ́sì ni "Visitor," ẹnì kan túmọ̀ ẹ̀ sí "àlejò." Rárá o. Àlejò kì í tú ilé ká. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó rán àwọn èèyàn wá yẹ ilé ìwé wò, "alábẹ̀wò" ni mo máa lò, àfi tí ẹnì kan bá ní èyí tó lágbára jù ú lọ, torí mo mọ̀ pé dókítà náà ń ṣàbẹ̀wò, ìbátan náà ń ṣàbẹ̀wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ èdè ààfin dáadáa, ṣé kò sí orúkọ ìjòyè kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn láyé àtijọ́, tó lè wọlé kó yẹ agboolé wò lórúkọ ọba? Ẹ bá wa wá a o.