Kádígáànì ńlá tí ò wọ́n, níbo ni kí n wò?

Títí_Leeds: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará UK, òtútù October ti dé o, mo ń wá kádígáànì ńlá tó máa bò mí dé ìdí àmọ́ mi ò fẹ́ ná ju £25 lọ

Ìyá Ìbejì: Charity shop ni jàre, àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta àlòkù fún àánú, bíi Oxfam tàbí British Heart Foundation. Yẹ lébẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ wò, acrylic lásán (òwú àtọwọ́dá tó jọ wúùlù) máa ń ta kókó lábẹ́ apá kíákíá

Bọ̀dá K: Lọ sí apá aṣọ ọkùnrin! Ṣùgbọ́n tí èjìká ẹ̀ bá ti wálẹ̀ jù, kóòtù ò ní gbà á

Títí_Leeds: Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà. Ṣé mo lè jù ú sí máṣíìnì?

Ìyá Ìbejì: Wúùlù kẹ̀? Omi tútù, ọwọ́ ni o. Má fi kọ́ rárá, tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa fà dé orúnkún