"Ẹranko eléwu" kọ́ ni igún

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí à ń wá fún "endangered species" àti "wildlife conservation" ló gbé mi dé.

Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá "ẹranko eléwu" fún ẹranko tí ìran rẹ̀ ń lọ sí òpin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Bí mo bá sọ fún ọmọdé pé eléwu ni igún, ńṣe ló máa sá. Bẹ́ẹ̀ àwa gan-an lewu tó wà lọ́rùn igún! "Ìpamọ́ ẹran ìgbẹ́" tí àbúrò wa mú wá fún "wildlife conservation" ńkọ́? Ẹ lọ sọ ọ́ létí ìyá tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá títì: á ní kí ẹ fọkàn balẹ̀, òun ti yan án gbẹ, kò lè bàjẹ́. "Ẹran" ti fara mọ́ ìkòkò ọbẹ̀ jù. "Ẹranko" sàn díẹ̀.

"Run" lèmi fara mọ́, torí ó ṣeé tò ní ìpele: ó ń dín kù, ó ń run lọ, ó kù díẹ̀ kó run tán. Ìpele kẹta yìí ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹranko àti igbó, gbé igún wa sí ní 2015, igún kékeré tí a mọ̀ lọ́dọ̀ àwọn alápatà yẹn. Ká fi "parun" sílẹ̀ fún èyí tí kò sí mọ́ rárá.

Fún iṣẹ́ gbígbà wọ́n là, mo rò ó lọ sí "ìdásí", àmọ́ ìpàdé ti gba ìyẹn lọ́wọ́ wa: gbogbo ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ló dá sí i. Ẹ jẹ́ ká kúkú wí i tán: dá ẹ̀mí sí, "ìdẹ́mìísí ẹranko".

Àwọn àgbà ò wá orúkọ fún un. Èèwọ̀ ni wọ́n fi ṣe é: a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í figún bọrí. Síbẹ̀ orí igún wà lórí àtẹ àwọn lẹ́kulẹ́ja. Ní Guinea-Bissau, láàárín 2019 sí 2020, májèlé pa igún tó lé ní 2,000, wọ́n sì bá òkú tí wọ́n ti gé lórí nínú wọn. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí n túmọ̀ ìkìlọ̀ tí wọ́n máa lẹ̀ sọ́jà, mi ò ní dárúkọ ìdẹ́mìísí kankan. "Ẹ má ra orí igún" ni màá kọ.

Ẹni tó wá fi ìdẹ́mìísí ṣiṣẹ́ jẹ ńkọ́, kí la ó pè é? "Adẹ́mìísí" ń dún létí mi bí orúkọ ọmọ ọba.