Agbọ̀pá kọ́ ni bíárìn

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ọkun o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ àlàyé lórí títún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ṣe fún àwọn ọlọ́kọ̀ Lọ́kọ́ja ti fi "agbọ̀pá" rọ́pò bíárìn, òrùka irin tí ọ̀pá ẹ́ńjìnì ń yí nínú rẹ̀. Gbólóhùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni: "Yọ agbọ̀pá tó ti bàjẹ́, ki tuntun bọ epo gbígbóná, kí o sì fi sí ọ̀pá ẹ́ńjìnì." Wọ́n ní "a-gbé-ọ̀pá" ni àwọn fà á yọ láti inú rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún akitiyan wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé kankan.

Gbé pẹ̀lú ọ̀pá kì í di "gbọ̀pá" láéláé. Ohùn òkè orí gbé kì í kú. Gbọ́pàá ni yóò dà, bí gbé ìwé ṣe ń di gbéwèé, tí kọ́ ìwé ń di kọ́wèé. Gba ọ̀pá ló ń di gbọ̀pá, bí kọ ìwé ṣe ń di kọ̀wé. Ẹni tó bá ka "agbọ̀pá" ní Kàbà, ọba tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọ̀pá àṣẹ lé lọ́wọ́ ni yóò wá sí i lọ́kàn, kì í ṣe irin tó wà nínú ẹ́ńjìnì.

Ẹnìkan ti dáhùn láti Ìbàdàn pé kí àwa ará Okun, Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, má kọ́ òun ní ohùn, torí ẹ̀ka èdè là ń sọ nílé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ìpajẹ (bí fáwẹ́lì kan ṣe ń sọnù nígbà tí ọ̀rọ̀ méjì bá wọnú ara wọn) inú Yorùbá àjùmọ̀lò ni mò ń sọ, èyí tí olùkọ́ fi kọ́ gbogbo wa. Àjàyí Crowther tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ó ti bá ọkọ̀ gba odò Ọya dé ibi tó ti pàdé odò Bẹ́núé létí Lọ́kọ́ja ní 1841. Etí omi yìí kì í ṣe àjèjì sí èdè Yorùbá.

Ìtumọ̀ rẹ̀ tiẹ̀ tún wá burú ju ohùn rẹ̀ lọ. Ọ̀pá inú ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀, ìdúró lóòró ló wà, kò dùbúlẹ̀. Bíárìn kò gbé e sórí. Òrùka irin méjì ni bíárìn: ti inú dì mọ́ ọ̀pá, ó sì ń bá a yí, ti òde há sínú ilé ọ̀pá, kò mira, àwọn ọmọ irin róbótó wà láàárín wọn. Èwo nínú wọn ló wá "gbé"? Iṣẹ́ wọn ni láti di ọ̀pá mú kó má mì nígbà tí písítìnì bá ń jà, kó sì máa yí láìha.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n á sọ orí ẹ́ńjìnì kalẹ̀, wọ́n á la ilé ọ̀pá sí méjì, wọ́n á gbé ọ̀pá jáde. Bíárìn tó ti jẹ, ẹ fi ìka yí i, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń ha. Ìpẹtà ti gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sára ọmọ rẹ̀, tàbí kó ti jó dúdú torí pé ọlọ́kọ̀ ń ṣahun ọ́ìlì. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tó ń lo pẹtiróòlù tí wọ́n po ọ́ìlì mọ́, ìwọ̀n pẹtiróòlù 50 sí ọ́ìlì 1, ọ́ìlì yẹn nìkan ni bíárìn ń rí mu. Bí wọ́n bá fẹ́ fi tuntun sí i, wọ́n á kì í bọ ẹ́ńjìnì ọ́ìlì gbígbóná kí òrùka inú lè fẹ̀, kó sì wọ ọ̀pá wẹ́rẹ́. Ẹni tó bá fi òòlù lu òrùka òde ti bà á jẹ́ kí wọ́n tó tan ẹ́ńjìnì.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò ya òrùka inú sọ́tọ̀ sí ti òde níbì kankan nínú àlàyé yín. "Epo gbígbóná" lẹ tún kọ. Létí omi, pẹtiróòlù ni epo! Ṣé kí ọmọkùnrin kan gbé pẹtiróòlù kaná ni?

Àwọn ìyá wa ní Bùnú tí wọ́n ń hun aṣọ, iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: ìrànwú ń ran òwú. Ẹ wo ì- tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ irinṣẹ́ yìí, kí ẹ tún wo ìdérí àti ìgbálẹ̀. Asẹ́, tí a- bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wà lóòótọ́, ẹnìkan ti fi dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n asẹ́ kan kò sọ a- di ọba gbogbo irinṣẹ́. Tó bá di dandan ká dá ọ̀rọ̀, "ìdọ̀pámú" ni mo fara mọ́. N kò rí dandan náà. Bíárìn ti di tiwa, bí àlùbọ́sà tó gba ọwọ́ Haúsá wá ṣe di tiwa.

Kí ẹ̀gbọ́n jọ̀ọ́ tún un kọ báyìí: "Yọ bíárìn tó ti jẹ. Ki tuntun bọ ẹ́ńjìnì ọ́ìlì gbígbóná. Òrùka inú ni kí o tì, má fọwọ́ kan ti òde."

Ó ku síìlì, rọ́bà tó ń dí omi nínú ẹ́ńjìnì, tí ẹnìkan ní ká máa pè ní "èdìdì". Èdìdì ìwé ni mo mọ̀. Rọ́bà tó ń dí omi kọ́ nìyẹn. Kí ẹni tó dá a lábàá wá gbèjà rẹ̀.