Mọ́tò rọ́bọ́ọ̀tì wa ò lágbára, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ 12 ni mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe rọ́bọ́ọ̀tì ní gbogbo Sátidé n'Íbàdàn, Arduino Uno (pátákó kékeré tó ń darí rọ́bọ́ọ̀tì) mẹ́ta péré la sì ní. Lọ́jọ́ tí iná LED kọ́kọ́ ṣẹ́jú, ńṣe ni wọ́n pariwo! Mọ́tò ló wá dá wa dúró. Bátìrì AA mẹ́rin, volt 6, la so mọ́ L298N tó ń darí iná lọ sí mọ́tò, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ń jẹ tó volt 2 kí iná tó dé ọ̀dọ̀ mọ́tò. Ọkọ̀ wa kàn ń wọ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Ṣé kí n fi bátìrì kún un ni, àbí kí n wá TB6612FNG, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà àmọ́ tí kì í jẹ iná tó bẹ́ẹ̀?

Àwọn tó kéré jù nínú wọn ò sì tíì lè tẹ kóòdù dáadáa. Ẹni tó bá ti fi Snap4Arduino, níbi tí wọ́n ti ń to búlọ́ọ̀kù dípò kí wọ́n tẹ kóòdù, kọ́ ọmọdé rí, ṣé C++, èdè kóòdù tí wọ́n ń tẹ̀ fún Arduino, ò ni wọ́n lára lẹ́yìn náà? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tójú yín ti rí ni kẹ́ ẹ sọ fún mi.